Òkúta Tí Wọ́n Ní Ó Bọ́ sí Ìtẹ̀sí

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì, ọdún 2094, wọ́n gbé òkúta kan síwájú mi ní abà Ìtẹ̀sí, wọ́n ní láti ọ̀run ni ó ti bọ́. Aṣọ òkè ni wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun. Bàbá Oyèlékè, ẹni tó hú u nínú oko rẹ̀, ló gbé e lé itan. Nígbà tí mo ní kí ó gbé e sórí tábìlì, ó wo tábìlì náà, ó wò mí.

"Ṣé tábìlì yìí lágbára?"

"Ó lágbára, Bàbá."

"Ó yẹ kí n béèrè ni. Ohun tó rin ọ̀nà jíjìn tó báyìí, èèyàn kì í kàn jù ú sílẹ̀."

Àwọn ará abà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé Baálẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ní òdìkejì odò, mo rí oko oòrùn: gíláàsì dúdú lórí òpó irin, ìlà lẹ́yìn ìlà, títí dé ibi tí ojú mi lè rí mọ. Abà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ àwọn abà náà sára òpó, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń dá ìlà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Mo ṣí ojú Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀rí sílẹ̀, tó wà láyà mi. Iná rẹ̀ tàn, ó ní àwọ̀ aró. Ẹ̀rín dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí a bá sọ níwájú Ẹlẹ́rìí, ìbúra ni.

Baálẹ̀ wú ikọ́. "Olùyẹ̀wò, mo fẹ́ kí nǹkan yìí gbọ́ mi. Òfin ló sọ pé ibi tí òkúta ọ̀run bá bọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ri òpó mọ́ ọn, kò sì gbọdọ̀ kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Àbí òfin náà ti yí padà láàárọ̀ yìí?"

"Kò tíì yí padà, Baálẹ̀."

"Ó dáa. Mo béèrè nítorí pé òfin yín, bí a bá sùn tí a jí, a máa ń bá a ní ibòmíràn."

Mo sọ fún wọn pé nǹkan méjì ni wọ́n rán mi wá wádìí. Èkínní ni bóyá òkúta yìí ti ọ̀run wá lóòótọ́. Èkejì ni bóyá Ìtẹ̀sí ló bọ́ sí. Mo ní bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá rí bẹ́ẹ̀, oko oòrùn yóò sọdá odò.

"Ti èkejì wo tún ni?" obìnrin kan béèrè láti ẹ̀yìn. "Ṣé òkúta máa ń rìn ni?"

"Èèyàn ló máa ń gbé e rìn, Màmá."

Mo ti rí i rí. Ìdàrọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi, pàǹtí irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ dà sílẹ̀. Òmíràn á jẹ́ àfọ́kù sátẹ́láìtì tí wọ́n fi iná sun kó lè dúdú. Nígbà kan, wọ́n jí òkúta ọ̀run gidi láti abà kan, wọ́n lọ rì í mọ́ ilẹ̀ abà kejì, àwọn méjèèjì sì búra. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi gba ohùn àwọn tó purọ́ níbẹ̀. Mo rántí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Bàbá Oyèlékè sọ ti rẹ̀ fún Ẹlẹ́rìí ní ṣókí. Ó ń ro ebè lọ́wọ́ lẹ́bàá igi irú, ọkọ́ rẹ̀ kan nǹkan, ó wà á jáde, ó pe àwọn èèyàn. Kò fi nǹkan kan kún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ mú, kò wo òkúta náà rárá.

Ilé wọn ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá gbé òkúta náà sí èjìká, ó ní, "Ilẹ̀kùn, àlejò dé."

Ilẹ̀kùn náà ṣí. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Oyèlékè. Ẹ ò tíì mu omi láti àárọ̀."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn yín ló bi mí."

"Ẹ wá gbọ́ o. Nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ní ilé-ìwé tí wọ́n ti kọ́ ọ ní òkúta, ṣé wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa ilẹ̀kùn lẹ́nu mọ́?"

Ìyá Oyèlékè ti gbé omi dé kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ mu ún. Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn yìí ti dé, òun ni ìyálé, èmi ni ìyàwó. Òun ni wọ́n ń dá lóhùn jù."

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo ń gbé omi," ni Bàbá wí. Ó mu ún tán, ó da ojú ife náà délẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè rí i.

Mo fẹ́ràn wọn kí n tó jókòó. Kò yẹ kí n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fẹ́ràn ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá bi mí ní orúkọ, mo ní Tinúadé. Ó bi mí níbi tí mo ti kàwé, mo ní ilé-ìwé alẹ́ ni.

"Alákọ̀wé òru," ni Bàbá wí. "Ìdí nìyí tó fi ń wo nǹkan kínníkínní. Òkùnkùn ló ti kọ́ ọ."

"Bàbá Oyèlékè, ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá," ni mo wí. Òótọ́ ló sọ. Lábẹ́ iná ẹ̀rọ tó ń fa omi òkun padà ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Bí ẹ̀rọ náà bá kú, ẹ̀kọ́ parí, a ó máa fi ọwọ́ wá bàtà wa nínú omi. Mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíkó kúrò nígbà yẹn. Ní ọdún tí òkun gba àdúgbò wa, àpò kan ni wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Màmá mi kó ìkòkò sínú tiwa, ó kó o jáde. Ó kó ìwé mi sí i, ó kó o jáde. Níkẹyìn ó kó ìkòkò padà. Ìkòkò náà ti lu ní ìsàlẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ awòkúta kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo ṣí ojú Ẹlẹ́rìí, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá lọ gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá jókòó tì mí, ó ń wo gbogbo ohun tí mo ń ṣe.

Òkúta náà tó orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó sì wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Ara rẹ̀ ní kòtò wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Mo fi ayùn ré etí rẹ̀ kan díẹ̀, mo sì fi omi nù ún. Nínú rẹ̀, irin wẹ́wẹ́ ń dán bí ìràwọ̀. Kò sí òkúta ilé ayé tó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

"Òun ni?" Bàbá béèrè.

"Òun ni, Bàbá. Ọ̀run ló ti wá."

Mo rò pé yóò fò sókè. Ó kàn mi orí, ó ń fọwọ́ pa òkúta náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ajá tó ti darúgbó. "Ó ṣeun," ni ó wí, n kò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo yí òkúta náà sí ìhà kejì, mo sì ní kí ẹ̀rọ wo ohun tó wà nínú àwọn kòtò rẹ̀. Etí mi nìkan ni ẹ̀rọ náà máa ń sọ̀rọ̀ sí. Títí tí mo bá fi ka èsì síta níwájú Ẹlẹ́rìí, èmi ni mo ni ín.

Ó ní: Irin. Èéfín igi. Èéfín igi lórí èéfín igi. Iyọ̀. Irú. Epo pupa.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó fi kún un pé iyanrìn odò wà nínú kòtò tó jìn jù, iyanrìn náà kì í sì í ṣe ti odò Ìtẹ̀sí. Mo bi í léèrè ìrántí òkúta náà. Òkúta ọ̀run a máa ní ìrántí: irin inú rẹ̀ máa ń di bí àgbáálá òfuurufú ṣe rí mú, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tutù, nígbà tí ayé kò tíì sí. Ẹ̀rọ ní kò rántí nǹkan kan. Iná ti pa á rẹ́, iná kékeré, lójoojúmọ́, fún ọdún gbọọrọ.

Wọ́n ti se ọbẹ̀ lórí rẹ̀.

N kò rí òkúta ìdáná sójú láti kékeré. Òfin Èéfín ti fòpin sí iná igi kí n tó gbọ́njú, sítóòfù oòrùn sì ni gbogbo ayé ń lò. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ààrò jẹ́. Mo gbé ojú sókè láti wo Bàbá. Ojú rẹ̀ wà lára iná aláwọ̀ aró tó wà láyà mi.

Ìgbà yẹn ni Ìyá pè láti inú ilé. "Tinúadé, pa ojú nǹkan yẹn dé o. Iyán ti délẹ̀."

Mo pa á dé. Ẹlẹ́rìí kì í jẹun. Àwọn ìyá wa ló jà fún un nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní ohun tí kò lè fọwọ́ bọ àwo kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdí àwo. Òfin sì gbà fún wọn: títí tí oúnjẹ bá fi tán, ohunkóhun tí a bá sọ, a kò sọ ọ́.

Àwo igi ńlá kan ṣoṣo ni ó gbé kalẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sún sẹ́yìn kí àwọn àgbà kọ́kọ́ jẹun, Bàbá sì fa àga mi padà. "Nínú ilé yìí, àwo kan náà ni." Ó pín ẹran fún wa, ó sì yọ ṣùtì sí ti ara rẹ̀. "Ẹran ilé-iṣẹ́. Ẹran tí kò wà láàyè rí, báwo ni yóò ṣe dùn lẹ́nu?"

"Ẹ fún mi bí ẹ ò bá jẹ ẹ́," ni Ìyá wí.

"Ṣé mo ní n ò jẹ ẹ́ ni?"

A jẹ òkèlè díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́, nítorí pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. "Màmá, ẹ̀rọ mi rí epo pupa lára òkúta yẹn. Ó rí iyọ̀ àti irú."

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú ọbẹ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ fèsì. "Ó lè jẹ́ èmi ni mo jẹ àkàrà lórí rẹ̀."

"Àkàrà wo?" ni Ìyá wí. "Ìgbà wo lẹ ti jẹ àkàrà gbẹ̀yìn?" Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú ọbẹ̀, ó nù ún, kò sì wo ọkọ rẹ̀. Èmi ni ó bá sọ̀rọ̀. "Òkúta ìdáná mi ni, ọmọ mi. Ilé ìyá mi ni mo ti gbé e wá."

Ó sọ bó ṣe rí. Ní ìlú tiwọn, Àgọ́-Ọ̀wàrà, ìyàwó tuntun kì í lọ ilé ọkọ láìgbé òkúta kan láti ìdí ààrò ìyá rẹ̀. Yóò fi í kún méjì tó bá nílé ọkọ, kí ọbẹ̀ rẹ̀ má baà jọ ti àlejò. Orí itan ni ó gbé tirẹ̀ sí nínú ọkọ̀ láti Àgọ́-Ọ̀wàrà títí dé Ìtẹ̀sí. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni òkúta náà bọ́ sí láti òkè, láyé ìyá ìyá àgbà, ó sì pa ewúrẹ́ kan. Kò kà á sí. Gbogbo ìyá ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Òfin Èéfín dé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé láti fọ́ ààrò, ó gbé òkúta náà lọ sóko nínú agbọ̀n, ó rì í mọ́ ẹ̀bá igi irú.

"Mo fẹ́ padà lọ hú u tí wọ́n bá lọ. Wọn ò lọ. Nígbà tó yá, mo gbàgbé. Àfi lọ́jọ́ tí baálé mi ń sáré bọ̀ láti oko, tó ń pariwo pé Ọlọ́run ti rántí Ìtẹ̀sí." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo rí ojú rẹ̀. N kò lè sọ ọ́. Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí Oyèlékè."

Mo wo Bàbá. Mo rò pé òun ni n ó máa tù nínú. Ó ń yí òkèlè kan ní ọwọ́, ó fi í bọ ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́.

"Mo mọ̀," ni ó wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ òkúta rẹ, Àwẹ̀ró."

Ìyá yíjú sí i. "Irọ́ ni."

Bàbá yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nínú bàtà, ó nà án jáde lábẹ́ tábìlì. Kò sí èékánná lórí ọmọ ìka ńlá. "Ọdún tí o dé. Mo jí lọ mu omi, mo fẹsẹ̀ kọ òkúta ìyá rẹ, ó gba èékánná yìí lọ́wọ́ mi. Mo ṣe tán láti dá ọ padà nílé bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn." Ó dá ẹsẹ̀ padà sínú bàtà. "Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e dé, mo fi ọkọ́ kàn án, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Láràárọ̀ lo máa ń gbá orógùn mọ́ ọn kí ọbẹ̀ lè bọ́ kúrò lára rẹ̀. Mo mọ ìró yẹn bí mo ṣe mọ ikọ́ rẹ."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ òkè mi wé òkúta ìdáná?"

"Kí ni ǹ bá sọ? O ò sọ̀rọ̀. Mo ní bí Àwẹ̀ró bá dákẹ́, ó fẹ́ gba abà là, kí n má ba tirẹ̀ jẹ́."

"Ẹ̀yin ni mo dákẹ́ fún."

"Èmi náà, ìwọ ni mo dákẹ́ fún."

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń gbọn èjìká láìní ohùn. Bàbá tẹ̀ lé e títí ikọ́ fi mú un. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn nídìí àwo.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Ìyá bi mí pé, "Ìbéèrè wo lo máa bi baálé mi?"

"Ọ̀kan péré ló kù. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibòmíràn tí òkúta yìí ti wá?"

"Màá ní n ò mọ̀," ni Bàbá wí.

"Bàbá, Ẹlẹ́rìí á dá irọ́ mọ̀ nínú ohùn. Bí kò bá mọ̀ lónìí, á mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún un gbọ́. Wọ́n á gba ohùn yín."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá mẹ́nu kan Láṣebíkan, aládùúgbò wọn tẹ́lẹ̀ ní òdìkejì odò, tó purọ́ lórí ààlà ilẹ̀. Wọ́n gba ohùn rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń dá a lóhùn mọ́. Ọkọ̀ kì í dúró fún un, ilé ìwòsàn kò gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Iwájú ilé ni ó máa ń dúró sí títí ìyàwó rẹ̀ á fi dé láti oko, tí òun á sì bá a sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìyàwó náà kú, ó ṣì ń dúró níbẹ̀.

"Èmi ò ní dúró níwájú ilẹ̀kùn kankan," ni Bàbá wí. "Màá gba ojú fèrèsé wọlé."

"Ẹ̀rọ ọkàn yín ńkọ́?" ni Ìyá béèrè. "Láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá jí, ẹ̀ ń sọ fún un pé ẹ jí, ó sì ń bá yín tún ọkàn ṣe. Ṣé fèrèsé náà lẹ máa gbà wọ ìyẹn?"

Bàbá fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ó wo àwo. Òkèlè kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, funfun, tó ọmọ adìyẹ. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó bọ̀ ọ́ nínú omi, ó nù ún.

"Oúnjẹ kò tíì tán," ni ó wí.

Ìyá náà fọ ọwọ́.

Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí mo jókòó sí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà kì í gba àwo, wọ́n máa ń ṣẹ́kù fún ọmọdé ni. Nínú àwa mẹ́ta, èmi ni ọmọdé. Níwọ̀n ìgbà tí òkèlè yẹn bá wà níbẹ̀, kò sí ìbéèrè, kò sí irọ́, kò sí òpó irin. Bí mo bá jẹ ẹ́, n ó ṣí ojú Ẹlẹ́rìí.

A jókòó. Iyán bẹ̀rẹ̀ sí í ní awọ lójú. Bàbá sọ ìtàn ajá kan fún mi, ó sọ ti ọmọ wọn, Oyèlékè, tó ń tún sátẹ́láìtì ṣe ní òkè, tó ní láti ibẹ̀, ilé ayé rí lójú òun bí oúnjẹ tó dànù. Àwọn èèyàn ti ń pọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Baálẹ̀ pè wọlé, "Ṣé ẹ ò tíì jẹun tán ni?"

"Iyán ṣì wà," ni Bàbá dá a lóhùn.

"Ṣé gbogbo iṣu abà lẹ gún ni?"

Mo ro gbogbo ọ̀nà tó wà. Mo lè dìde kí n máa lọ láìjẹ òkèlè náà. Wọ́n á rán Akíntáyé wá rọ́pò mi, ẹni tó máa ń gbé bisikíìtì tirẹ̀ wá, tó máa ń dá jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Kò ní pa ojú Ẹlẹ́rìí dé fún ẹnikẹ́ni. Bàbá yóò purọ́ fún un. Mo lè dúró, kí n jẹ́ kí Bàbá purọ́ fún èmi. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, òun ló máa ń sọ fún Ẹlẹ́rìí pé òun gbà á gbọ́ tàbí òun kò gbà á gbọ́. Ohùn tèmi náà ni n ó fi lé irọ́ náà lórí. Ohùn yẹn nìkan ni mo mú jáde láti ilé-ìwé alẹ́. Mo tún ronú ìkòkò màmá mi.

Ìyá sún àwo náà sọ́dọ̀ mi. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ó ń tutù."

"Màmá."

"Mo ní kó o jẹ ẹ́. Ṣé abẹ́ òkèlè la máa kọ́lé sí ni?"

Mo jẹ ẹ́. Kò ní ọbẹ̀ lára, n kò sì rántí láti bọ̀ ọ́. Mo fọ ọwọ́, mo ṣí ojú Ẹlẹ́rìí, iná tàn.

"Bàbá Oyèlékè," ni mo wí, "ǹjẹ́ ẹ mọ ibòmíràn tí òkúta yìí ti wá?"

Ó fa èémí. Mo rí i tí àyà rẹ̀ gbé sókè. Kó tó la ẹnu, Ìyá ti gbé ọwọ́ lé e ní orúnkún.

"Èmi ni kó o bi," ni ó wí. "Àwẹ̀ró lorúkọ mi. Èmi ni mo gbé òkúta yìí wá sí Ìtẹ̀sí, èmi ni mo rì í mọ́ oko. Àgọ́-Ọ̀wàrà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ló bọ́ sí. Omi adágún ló wà lórí ibẹ̀ báyìí."

Lẹ́yìn fèrèsé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Olùyẹ̀wò," ni Bàbá wí, "ìyàwó mi ti dàgbà. Nǹkan ti ń dàrú mọ́ ọn lójú."

"Bàbá Oyèlékè, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ohùn yín ni mò ń tọ́jú." Ó yí padà sí i pátápátá, bí ẹni pé èmi àti Ẹlẹ́rìí kò sí níbẹ̀. "Ilé, a ó rí òmíràn tàbí a ò ní rí i. Ẹni tó ń bá ilẹ̀kùn jà láràárọ̀, ẹyọ kan ni mo ní."

Bàbá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé orí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Mo ka èsì ẹ̀rọ síta: irin, èéfín, iyọ̀, irú, epo pupa, iyanrìn odò tí kì í ṣe ti ibí. Ẹlẹ́rìí wá iyanrìn náà nínú ohun tí ó mọ̀, ó sì rí i. Odò Ọ̀wàrà ni, kí omi adágún tó bò ó. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè tó máa ń bi olùyẹ̀wò.

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

Bí mo bá ní n kò gbà á gbọ́, ẹ̀rí Ìyá bọ́ sílẹ̀, òkúta náà á sì wà lórúkọ ibi tí wọ́n ti hú u, títí ẹlòmíràn yóò fi wò ó. Ó lè tó ọdún kan. Ó lè má tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo wo Ìyá. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú sí mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ti gbọ́únjẹ fún mi, tó ń retí kí n gbé àwo kúrò nílẹ̀.

"Mo gbà á gbọ́," ni mo wí.

Iná pa. Ẹnikẹ́ni kò bú Ìyá Oyèlékè lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ wọlé, ó jókòó lórí àga tí mo dìde kúrò lórí rẹ̀, ó wo òkúta náà fún ìgbà pípẹ́. "Ìyá Oyèlékè," ni ó wí, "gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi bọ́ wa, orí ọ̀run lẹ ti ń se ọbẹ̀, ẹ ò sọ fún wa."

"N kò mọ̀, Baálẹ̀. Mo rò pé epo ló dára."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí agbádá nu ojú.

Òkúta náà wà ní ilé ìṣúra báyìí, orúkọ Àgọ́-Ọ̀wàrà ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bàbá àti Ìyá Oyèlékè wà ní yàrá kan ní ìgboro, níbi tí Bàbá ti ń bá ilẹ̀kùn tuntun jà. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, oko oòrùn ti sọdá odò. Abà Ìtẹ̀sí kò sí mọ́, ilé rẹ̀, oko iṣu rẹ̀, kànga rẹ̀, àti àwọn ibojì tó wà lẹ́yìn ilé.